Kí ló ń já okùn guzheng ọmọ yín?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Guangzhou la wà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń kọ́ guzheng, ohun èlò orin olókùn mọ́kànlélógún ti àwọn ará Ṣáínà, nílé-ìwé, a sì ra àlòkù kan kó lè máa fi dánra wò nílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, okùn mẹ́rin ti já: méjì já nídìí ìṣó tí a fi ń lọ́ okùn, méjì já ní agbedeméjì. Èyí tí mo rà dípò okùn kẹẹ̀ẹ́dógún kò tiẹ̀ tíì dé ohùn tó fi já. Áàpù orí fóònù ni mo fi ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà tó bá gbé jáde ni mò ń tẹ̀ lé. Àwọn igi kéékèèké abẹ́ okùn náà ń ṣubú. Ṣé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún wa ni? Àbí kí n kúkú ra pipa fún un, ohun èlò orin Ṣáínà mìíràn tó jẹ́ olókùn mẹ́rin péré?" Ìyá Àṣàkẹ́.

Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má tíì lọ bá ontàjà jà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kan ló ta wá létí jù lọ: okùn kẹẹ̀ẹ́dógún. Okùn kẹẹ̀ẹ́dógún gidi lára guzheng nípọn, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń mú wá, ó sì ṣọ̀wọ́n kó já. Àwọn tín-ín-rín tó wà nítòsí ọmọ ló sábà ń já. Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn: níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Bí ọmọ bá jókòó ti guzheng bó ṣe yẹ, àpótí tí ìṣó wà nínú rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Okùn tó sún mọ́ ikùn rẹ̀ jù ni okùn 1. Òun ló tín-ín-rín jù, òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Èyí tó jìnnà sí i jù ni okùn 21. Ẹni tó bá dúró lódìkejì, tàbí tó gbà pé okùn ńlá ló yẹ kó ṣíwájú, á ka gbogbo rẹ̀ sódì, okùn tó pè ní 15 á sì jẹ́ 7. Ẹ yọ nọ́mbà yín kúrò nínú 22, ẹ ó rí i. Tí ẹ bá wá dé ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní okùn 15, 15 náà ni wọ́n á tà fún yín. Ẹ gbé e délé, ẹ so ó sí àyè 7, ẹ wá ń fa okùn tí wọ́n ṣe fún nǹkan bíi 165 Hz (iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ sí nǹkan bíi 494 Hz. Gígùn tó ń dún ní àyè 7 kúrú ju ti 15 lọ, ìyẹn á gbà á sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n okùn náà wúwo jù fún àyè yẹn. Kó tó dé ohùn tí ẹ ń wá, á ti já. Bí ìtàn okùn yín ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àmì kan wà lára rẹ̀ tí kì í purọ́: okùn aláwọ̀ ewé. Mẹ́rin ni wọ́n, okùn 3, 8, 13 àti 18. Ẹ dúró síbi tí ọmọ ń jókòó sí, kí ẹ kà bọ̀ láti ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé okùn méjì lẹ kà kí ẹ tó kan aláwọ̀ ewé, ibi tó yẹ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ kà kí ẹ tó kàn án, ẹ̀yìn lẹ ti ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti wà nínú kọ́áyà rí á tètè lóye bí wọ́n ṣe to ohùn rẹ̀. D ni dò. Láti okùn tó jìnnà jù bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ, d r m s l ni, d r m s l, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí dò kan tó wá dé e lórí. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ogún, ọ̀kan lé e. Kò sí fa, kò sí ti. Okùn aláwọ̀ ewé ni sol. Lórúkọ lẹ́tà tí áàpù yín ń lò, bó ṣe lọ nìyí, láti òkè wá sísàlẹ̀:

D: okùn 1 (D6), 6 (D5), 11 (D4), 16 (D3), 21 (D2)
B: okùn 2 (B5), 7 (B4), 12 (B3), 17 (B2)
A: okùn 3 (A5), 8 (A4), 13 (A3), 18 (A2)
F#: okùn 4 (F#5), 9 (F#4), 14 (F#3), 19 (F#2)
E: okùn 5 (E5), 10 (E4), 15 (E3), 20 (E2)

Ẹ tẹ èyí sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí ìṣó. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́mbà inú ìwé orin ọmọ dà yín láàmú: 1 2 3 5 6 tí ẹ ń rí níbẹ̀, dò re mi sol la ni wọ́n fi ń kọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nọ́mbà okùn. Ọ̀pọ̀ òbí ti já okùn nítorí èyí nìkan.

Nọ́mbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà nínú àtẹ yẹn, 2 sí 6, ló ṣe pàtàkì jù fún yín, òun gan-an sì ni áàpù yín kò fi hàn. A mẹ́rin ló wà lára guzheng, lẹ́tà A kan náà sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí okùn 3 bá rọ̀ díẹ̀ tí áàpù kọ G, ẹ ó lọ́ ọ díẹ̀, á di A, ó parí. Ṣùgbọ́n bí okùn tuntun bá ṣì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó lè kọjá lẹ́tà tí ẹ ń wá kí ẹ má mọ̀, ẹ ó sì máa lọ́ ọ lọ síbi tí lẹ́tà yẹn tún ti máa jáde, lókè. Bí ohùn okùn ṣe ń gòkè, agbára tó ń fà á ń gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ohùn kan péré, láti A sí A#, jẹ́ àfikún ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Odidi ohùn kan, bí ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Láti dò kan dé dò tó wà lókè rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin gbáko. Okùn á ti já tipẹ́. Ẹ wá áàpù tó ń kọ A4, tí kò kàn ń kọ A lásán. Ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Kí ẹ sì ṣètò A4 sí 440.

Lórí àwọn okùn ńlá, láti 17 lọ, áàpù tó dáa pàápàá á máa ṣi ìwà hù. Gbohùngbohùn fóònù kéré, kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ ta okùn 21 tó jẹ́ D2, fóònù lè kọ D3, ó tiẹ̀ lè kọ A, nítorí pé ohùn kéékèèké tó ń bá D rìn ló gbọ́. Ẹ má tẹ̀ lé e níbẹ̀. Ẹ tún okùn 16 ṣe ná, kí ẹ wá ta 16 àti 21 pọ̀, kí ẹ máa lọ́ 21 títí ìgbì tó ń ṣe wọ̀ọ́-wọ̀ọ́-wọ̀ọ́ láàárín wọn á fi dúró. Etí ọmọ yín á mọ̀ ọ́n kíákíá ju tiyín lọ, ẹ jẹ́ kó bá yín gbọ́ ọ.

Ó wá kan ibi tí àwọn okùn yẹn ti já. Ibi tí okùn já ló ń sọ ohun tó já a. Èyí tó já ní agbedeméjì, níbi tí ọmọ ti ń ta á, a ti fà á jù ni, tàbí kí etí èékánná ìfitá ọmọ ti ṣán, kó máa gé náílọ́ọ̀nù ara okùn díẹ̀díẹ̀. (Irin ló wà nínú okùn náà, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e lára. Bí náílọ́ọ̀nù bá ti tú, irin á dípẹtà.) Ẹ fi ìka pa etí èékánná náà, tó bá ń họ yín, ẹ fi sáńpépà tó kúnná dán an tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó já lórí òpó, igi kékeré abẹ́ okùn, ojú ihò òpó náà ló ní ẹnu tó mú. Èyí tó já nídìí ìṣó, bí ti méjì nínú tiyín, ọ̀rọ̀ bí ẹni tó so ó ṣe so ó ni: yálà ó ti ṣẹ́ okùn ní ibi tó ti wọ ihò ìṣó, tàbí kó jẹ́ pé iye ìgbà tó wé okùn mọ́ ìṣó kò tó, gbogbo agbára wá dúró sójú kan. Ọ̀rinrin Guangzhou náà ń bẹ ńbẹ̀. Abẹ́ ìdérí àpótí yẹn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń nù ún.

Kí a tó dé ibi síso okùn, ẹ jẹ́ kí a mọ àwọn igi kéékèèké yẹn. Òpó ni a ó máa pè wọ́n. Àwọn ará Ṣáínà ń fi wọ́n wé agbo ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń fò lọ lójú ọ̀run, nítorí ìlà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tò sí, òrúkọ tí wọ́n sì ń pè wọ́n nìyẹn, òpó ẹyẹ. Mọ́kànlélógún ni, òpó kan fún okùn kan, kò sì sí lẹ́ẹ̀ tàbí ìṣó kankan tó dì wọ́n mú. Okùn nìkan ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Tí okùn bá rọ̀, òpó á ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, kì í ṣe àléébù. Okùn gba orí ìrọ̀rí kan, igi gbọọrọ tó gbé okùn ró, kọjá lápá ọ̀tún, ó gun orí òpó, ó tún gba orí ìrọ̀rí apá òsì tó wọ́ bí lẹ́tà S, kó tó wọ ihò ní ìrù. Ìrọ̀rí S yẹn àti okùn mọ́kànlélógún jẹ́ iṣẹ́ Wang Xunzhi àti Xu Zhengao ní Shanghai, ní 1961. Tó bá jẹ́ pé okùn mẹ́rìndínlógún péré ló wà lára ohun tí wọ́n tà fún yín, irú ti àtijọ́ ni, àtẹ òkè yìí kò bá a mu, kò sì bá ilé-ìwé ọmọ mu.

Apá ọ̀tún òpó, láàárín òpó àti ìrọ̀rí ọ̀tún, ni ọmọ ń ta. Apá òsì ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń tẹ okùn kí ohùn lè lọ́. Fa tí kò sí lára okùn, títẹ mi (F#) sísàlẹ̀ ìdajì ohùn ló ń mú un jáde. Ti, títẹ la (B) ní odidi ohùn. Ẹni tó bá mọ bí onídùndún ṣe ń fún ọsán kí ìlù lè sọ̀rọ̀ ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ òsì yìí tán. Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou yín wà, gan-an sì ni ilé àṣà orin guzheng ti Chaozhou àti ti Hakka, tí títẹ okùn mi àti la wọ inú orin wọn ju ti ibòmíràn lọ. Bí olùkọ́ ọmọ bá jẹ́ ará ibẹ̀, okùn F# àti B ló máa kọ́kọ́ ń kúrò lóhùn. Ẹ má rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń so okùn. Ẹ ra okùn nípa nọ́mbà tó tọ̀nà, kí ẹ sì wo lẹ́tà A tàbí B tó wà lára àpò rẹ̀ (irú okùn ni, kì í ṣe ohùn). Kí ó bá ti èyí tó wà lára guzheng yín mu, nítorí ìnípọn wọn kò dọ́gba. Okùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ pọ̀ láé: gbogbo òpó á dà sílẹ̀, pátákó ojú rẹ̀ tó ti mọ ẹrù lára á sì tún dìde. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè tààrà, kí ẹ lè mọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ ti okùn gba ihò rẹ̀ ní ìrù, kí kókó tàbí bọ́ọ̀lù ìdí rẹ̀ há dáadáa. Ẹ fà á wò. Ẹ gbé e kọjá lórí ìrọ̀rí S, sínú ojú ihò tirẹ̀, kó má lọ́ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ nà án dé ìdí ìṣó tirẹ̀, ẹ tún jẹ́ kó kọjá ìṣó náà ní nǹkan bí ìbú ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ gé ìyókù. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò ìṣó, ẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹ̀mú fún un pa. Kọ́kọ́rọ́ ọlọ́wọ́ méjì tó dà bíi T ni ẹ ó fi lọ́ ọ, sí apá ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí ni ó fi ń le. Òdì rẹ̀ ni ó fi ń rọ̀. Ọwọ́ òsì yín kó di okùn mú, kí wíwé kọ̀ọ̀kan jókòó sábẹ́ èyí tó ṣíwájú, kí wọ́n má gun ara wọn. Wíwé ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dáa. Ibi tí wíwé bá ti gun ara wọn ni okùn á ti yọ̀ lójijì lóru, ẹ ó gbọ́ "páà!", ilé á dìde.

Bí okùn bá ti nà díẹ̀ tí kò tíì le, ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e sókè, ẹ fi òpó tó ní nọ́mbà rẹ̀ sábẹ́. Òpó kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà nítorí pé ojú guzheng tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Gíga wọn kò dọ́gba, òpó 5 kò lè ṣe iṣẹ́ òpó 12. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀ láìsí àlàfo, kí ó sì wà lórí ìlà tó wà nínú fọ́tò yín. Ẹ gbé ojú kúrò lọ́gangan okùn nígbà tí ẹ bá ń le e. A kò fi èyí ṣeré: okùn irin tó já lè fọ́ ojú ẹni.

Bí ẹ ṣe ń le okùn, orí òpó á máa tẹ̀ sí ọ̀tún, nítorí okùn ń wọ́ ọ lọ sápá ìṣó. Ẹ ò ní tètè rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, òpó á ti dà bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọjọ́ kan ọmọ á ta á gidi, á sì ṣubú. Ìṣubú òpó tí ẹ ń sọ yẹn, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ èyí. Lẹ́yìn ìlọ́kọ́lọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ojú yín sílẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ti tẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìka kejì dá orí rẹ̀ padà sósì títí yóò fi dúró ṣánṣán. Tí òpó bá ti ṣubú pátá, ẹ má fi agbára gbé okùn tó le. Ẹ rọ̀ ọ́ ní ìyípo kan tàbí méjì, ẹ dá òpó padà, ẹ tún un le.

Ìgbà wo ni kí ẹ fọwọ́ kan ìṣó, ìgbà wo ni kí ẹ fọwọ́ kan òpó? Bí ohùn bá kúrò díẹ̀, tí ọ̀pá áàpù kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n tí lẹ́tà rẹ̀ pé, ẹ ti ẹsẹ̀ òpó wẹ́rẹ́: sí ọ̀tún kó ròkè, sí òsì kó rẹlẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti yí padà, ìṣó ni. Àṣìṣe tó ń pa okùn jù lọ níbí yìí kì í pariwo. Àwọn kan á ti òpó lọ sósì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohùn tó ga lè wálẹ̀, tí oòrùn bá yí padà tí ohùn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìṣó gbé e sókè. Òpó ò padà mọ́. Bí gígùn tó ń dún bá ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, tí ohùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, agbára tó ń fa okùn á ti fi bí ìdá mọ́kànlélógún pọ̀ sí i. Áàpù á ní ó pé. Okùn á ní ó ti sú òun. Bí ìlà òpó guzheng yín bá ti wọ́ wọ̀lẹ̀wọ̀lẹ̀, tí kò dà bí ìlà ẹyẹ tó ń fò mọ́, ẹ rọ gbogbo okùn ní odidi ohùn kan, ẹ to òpó padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Fún títún ohùn ṣe fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti okùn 8, A4, 440 Hz. Ẹ fi í wá 3, 13 àti 18. Lẹ́yìn náà D, kí ẹ tó lọ sí E, F# àti B. Ẹ ta okùn jẹ́jẹ́ níbi tí ọmọ ń ta á, kí àtẹ́lẹwọ́ yín dí àwọn tó kù lẹ́nu, kí áàpù má gbọ́ ohùn méjì. Ẹ máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè nígbà gbogbo. Tí ẹ bá kọjá, ẹ rọ̀ ọ́ kọjá ibi tó yẹ, kí ẹ tún gòkè. Okùn tó wálẹ̀ tó dúró kì í dúró pẹ́. Ẹ ó ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà míì lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí bí ẹ ṣe ń le okùn 3, pátákó ń tẹ̀, okùn 13 ń rọ̀. Okùn tuntun máa ń nà. Ẹ tún un ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan olùkọ́ á ní kí wọ́n yí i sí G. Ẹ má fọwọ́ kan ìṣó. F# nìkan ló ń di G: ẹ ti òpó 4, 9, 14 àti 19 sí ọ̀tún. Bí gígùn tó ń dún bá jẹ́ 60 cm, ìdajì ohùn náà jẹ́ nǹkan bíi 3.4 cm, okùn tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtì rẹ̀ á kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún A, D ló ń di C#, òpó 1, 6, 11, 16 àti 21 á sún sósì. Tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ dá wọn padà.

Ojú ọjọ́ Guangzhou ni ọ̀tá yín tó kù. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, nígbà tí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá ti òkun gúúsù wọlé, tí ògiri ń làágùn, tí aṣọ kì í gbẹ, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní huinantian, pátákó ojú guzheng ń mu omi nínú afẹ́fẹ́. Igi paotong ni wọ́n fi ṣe é, igi tó fúyẹ́ tó sì ń mu omi bíi kànìnkànìn. Lankao ní ìpínlẹ̀ Henan ló lókìkí fún un, níbi tí wọ́n ti gbìn ín lọ́pọ̀ ní ọdún 1960 sókè láti fi dá iyanrìn tó ń fẹ́ dúró. Òwúrọ̀ ẹ tún ohùn ṣe, ọ̀sán ó ti kúrò. Ẹ má fi ìbínú lọ́ ọ lójoojúmọ́ nírú àsìkò yẹn. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kí ìwọ̀n ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri ìta, kò gbọ́dọ̀ dojú kọ ẹnu éèsì, kò gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìdánrawò, títí dé inú àpótí ìṣó. Kò sí òróró lórí ìṣó o! Ìṣó tí ẹ bá fòróró sí kò ní di okùn mú mọ́. Èyí tó bá ń yọ̀ padà, ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í wọlé bí ẹ ṣe ń lọ́ ọ. Tó bá ṣì ń yọ̀, igi ìdí rẹ̀ ti lò tán, ó di ọwọ́ onítúnṣe.

Ẹ ní kí a sọ bóyá wọ́n lù yín ní jìbìtì. Ẹ gbé rúlà gígùn lé pátákó ojú níbi tí òpó wà. Ó yẹ kó tẹ̀ sókè. Tó bá ti rì, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá láàárín, ó ti ru ẹrù kọjá agbára rẹ̀, owó yín lẹ ó gbà padà. Ẹ yẹ ojú ìlà igi wò bóyá ó ti là. Ẹ ka òpó, kí wọ́n pé mọ́kànlélógún, nọ́mbà kan ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn tó ń dún ṣìì-ṣìì bí eṣinṣin inú ìgò, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ìdérí àpótí ìṣó kí ẹ tún ta á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìdérí yẹn ni, tàbí ẹsẹ̀ òpó tí kò tẹlẹ̀.

Èékánná ìfitá ọmọ, ẹ ra ti kékeré, kí téèpù tó dì í mọ́ ìka má le dé ibi tí ìka á ti funfun. Bí ontàjà bá fi èyí tí wọ́n fi èèpo ìjàpá òkun ṣe lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́. CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dì sínú ẹrù lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé.

Pipa ńkọ́? Òótọ́ ni, okùn mẹ́rin ni, A D E A. Ṣùgbọ́n ọ̀gbọ̀n ìlà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà lọ́rùn àti lára rẹ̀ tí ìka òsì gbọ́dọ̀ mọ̀, ọmọ á gbé e dúró lórí itan, ìka ọ̀tún márààrún á sì kọ́ láti máa yí po lórí okùn kan ṣoṣo títí ohùn á fi dà bí èyí tí kò dúró. Ọmọ tó ń ta guzheng á ti ta orin tó gbọ́ létí kí alábàáṣe rẹ̀ tó ń kọ́ pipa tó mú ohùn kan mọ́. Tó bá wù ú láti inú rẹ̀ wá, ó dáa. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, okùn 7 kan ṣoṣo lẹ nílò láti rà lọ́sẹ̀ yìí.